Ìwọ Lo Kéré, Bẹ̀ Wọ́n

Omi sitáàṣì ń kán sí ìyá mi léjìká, wọn ò sì lè sún kúrò, nítorí pé orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà. Sùtánà mẹ́tàdínlógún ló wà lórí okùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kà wọ́n nítorí pé mi ò fẹ́ wo ojú ìyá mi. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ń rùn fún ọṣẹ, búlúù àti èéfín èédú. Ìyá ilé kejì jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ká ọwọ́ lé ikùn, wọ́n ń wo ògiri. Màmá, alágbàfọ̀ àdúgbò wa, dúró láàárín àwọn méjèèjì, apá wọn ṣì tutù fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

"Ìwọ lo kéré," Màmá sọ fún ìyá mi. "Bẹ̀ wọ́n, kí ọ̀rọ̀ yìí tán, jàre."

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyá mi wí.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá ilé kejì dáhùn. Ojú wọn ò kúrò lára ògiri.

Màmá gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi eyín ya etí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, wọ́n dà á sínú kọ́ọ̀bù, àwọn ìyá méjèèjì sì mu níbẹ̀ láti fi hàn pé ìjà ti parí. Píọ̀ wọ́tà o, nínú ẹjọ́ tó jẹ́ pé omi kànga ló dá a sílẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, nígbà tí mo sì rí i, ẹ̀rín kò wá mọ́.

Àdúgbò wa kò jìnnà sí Ìkọ̀tún. Ilé ń hù níbẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà náà. Ẹni tó ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì á kọ́ ilé mọ́ ilé síbẹ̀, á tún fẹ́ gbin ilá sí i. Màmá kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Aṣọ funfun ni wọ́n ń fọ̀ jẹun. Láti Ìgàndò títí dé Ẹgbẹ́dá ni àwọn Aládùúrà ti ń gbé sùtánà wá fún wọn, ẹni tó bá sì mọ ẹrẹ̀ àdúgbò wa lásìkò òjò á mọ̀ pé iṣẹ́ ò lè tán lọ́wọ́ wọn. Ìró aṣọ fífọ̀ wọn ló ń jí mi láàárọ̀. Á máa lọ ṣàà, ṣàà, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, a ó máa gbọ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sórí irin, kaun.

Bí wọ́n ṣe ń fọṣọ ni wọ́n ń parí ìjà. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ da omi ìdọ̀tí sí lẹ́nu ọ̀nà, tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó jọ ń já ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Màmá ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Bàbá alága àdúgbò gan-an a máa darí ẹjọ́ síbẹ̀ nígbà tó bá ti sú wọn. Màmá ò ní torí ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n á fa sùtánà kan yọ nínú omi, wọ́n á fi èjìká rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, wọ́n á fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé ìkejì lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n fún un. Èèyàn méjì tó ń bínú kò lè fún aṣọ. Bí ẹnì kan bá fi ìbínú fà á, á já bọ́ lọ́wọ́ ìkejì, á ṣubú sínú iyanrìn, àwọn méjèèjì á sì jọ jókòó ti ọpọ́n, wọ́n á tún un fọ̀. Mo ti rí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tí wọ́n ń fọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń gbìyànjú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí inú bá ti rọ̀ díẹ̀, Màmá á béèrè pé, "Ta ló ṣàgbà nínú yín?" Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ń parí sí. Èyí tó kéré á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, èyí tó dàgbà á ní òun ti gbọ́, wọ́n á mumi, ó tán. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni Màmá máa ń wí, wọ́n á sì padà sídìí ọpọ́n wọn. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ta ni yóò gbé àgbà kalẹ̀ kó máa bẹ ọmọdé?

Ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, wọ́n á kì í bọ inú omi gbígbóná oníyọ̀, wọ́n á di ojú. Nígbà kan tí mo gbé àwo wọn lọ dá padà, wọ́n sọ fún mi láì la ojú pé, "Kò sẹ́ni tó ń wá mi wá nígbà tínú ẹ̀ bá dùn, ṣó o gbọ́? Wọ́n á lọ jẹ ìrẹsì ìkómọ níbòmíì, wọ́n á wá gbé ìjà wá bá mi." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ẹjọ́ tiwa, ọ̀rọ̀ kànga ni. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó kú, wọ́n sì fi ìka kọ orúkọ mi sára sìmẹ́ǹtì ẹnu rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ọdún kejì lẹ́yìn ikú wọn ni ìyá ilé kejì gbẹ́ sókàwéè tuntun, ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ sí, sẹ́yìn ògiri tó pààlà wa. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ló wà láàárín ihò yẹn àti kànga wa. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí omi wa fi ń rùn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, fi táífọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ìyá mi lọ bá ìyá ilé kejì, ọ̀rọ̀ di ariwo, ìyá mi sì pe ẹni tó tó bí wọn lọ́mọ ní apànìyàn, ní gbangba ojúde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo àdúgbò gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tún sẹ́ni tó dárúkọ kànga mọ́.

Bí ìyá mi ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. "Ọmọ mi ló ṣàìsàn," ni wọ́n wí, "èmi náà ni mo tún bẹ̀bẹ̀." Wọn ò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

Sókàwéè wà níbi tó wà. Bóhóòlù mọ́ṣáláṣí, òpópónà mẹ́ta sí wa, la ti ń lọ pọnmi. Kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ ìyá mi, ọ̀kan lórí mi, omi á máa dà sí mi lọ́rùn títí a ó fi délé. Ìyá mi ṣì ń kí ìyá ilé kejì láràárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà," wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á kọjá. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé àlàáfíà ti jọba. Lọ́jọ́ kan ìyá mi ra àpò Gánà-mọ́sì-gò mẹ́rin wálé. Ẹ̀gbọ́n wọn ní ilé kan tí kò tíì parí ní Barúwà, wọ́n ní ká wá máa gbé yàrá kan níbẹ̀. A fẹ́ fi ilé tí bàbá mi kọ́ sílẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo èèyàn. Ìyá ilé kejì ni mo kọ́kọ́ kórìíra, lẹ́yìn náà Màmá, mo sì kórìíra Màmá jù, nítorí pé mo fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀.

Àárín ìgbà náà ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé sí àwọn àdúgbò pé kí wọ́n yan aṣojú méjì méjì wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndò. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn àgbà àdúgbò bí wọ́n ṣe lè máa làjà tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá alága ní àwọn ń lọ, wọ́n sì mú Màmá dání. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ kọ́ Màmá ní ìjà píparí?

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gbé fáìlì kan, bírò kan àti míìtì páì bọ̀. Wọ́n gé míìtì páì náà sí wẹ́wẹ́ fún gbogbo ọmọdé tó wà nítòsí. Èmi ò gba tèmi. Wọ́n jókòó sídìí ọpọ́n, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún àwọn tó wá gbé aṣọ. "Dídákẹ́ ni wọ́n kọ́ wa, ẹ gbọ́ ná. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, dídákẹ́. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán. Ẹni tí ò bá sọ ọ́ tán lónìí ńkọ́? Aṣọ á wá rà sínú omi, àbí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò sọ púpọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọn ò dé ilé wọn. Ilé wa ni wọ́n gbà wá tààrà láti ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọ̀sán ò tíì lọ tán. Fáìlì wà lábíyá wọn, páálí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ṣì so mọ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ sí mi lọ́kàn pé Màmá ní orúkọ. Ìyá mi wà nílẹ̀ pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ sínú àpò kẹta. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá, wọ́n padà sídìí aṣọ.

Màmá wo àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jókòó.

"Ọmọ tó ń kọ́ wa," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, "ó ní kí kálukú sọ ẹjọ́ kan tó parí tó dùn mọ́ ọn nínú. Mo bá sọ tìrẹ. Mo sọ bó o ṣe kúnlẹ̀, bí ẹ ṣe jọ mumi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ yẹn nìkan ni ò pàtẹ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ ṣeun mà. Ìyá tó kéré yẹn, kí ni wọ́n sọ?' Mo ní ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní, 'Ṣáájú ìyẹn ńkọ́, mà?'"

Wọ́n gbé fáìlì láti orí itan kan sórí ìkejì.

"Mi ò mọ̀. Ó tún bi mí pé ṣé ẹ ti ń mu omi yẹn. Ìyẹn náà, mi ò mọ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìnkùlé níbí! Ó ti tó oṣù méjì tí mi ò gbọ́ ìró garawa nínú kànga yín, mi ò sì bi ara mi pé kí ló dé."

"Ó ti tán, mà," ni ìyá mi wí. "Ẹ ní kí n bẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Èyí tí o ò rí sọ ló kù."

Ìyá mi ká yẹ̀rì kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. Mo ń retí kí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pòwe bí ìṣe wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ wọn ti kún bàtà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn láti béèrè sùtánà rẹ̀, Màmá ní kó padà wá lọ́la. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ìyá mi ò gbójú sókè nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. "Nínú ibà yẹn, ọmọ mi ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀, mà. Bàbá ẹ̀ tó ti kú. Ó ń dá a lóhùn. Ó ní, 'Ẹ dúró dè mí.' Mo rò pé ó fẹ́ tẹ̀ lé e lọ ni. Mo sáré jáde láti ibẹ̀, òun ni mo ṣe pe ìyá yẹn ní apànìyàn. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀." Wọ́n wá sunkún, wọ́n sunkún bí ẹni tó ti ń fi í pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá jẹ́ kí wọ́n sun ún tán.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wọ ilé ìyá ilé kejì, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo wa sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyá mi ò rẹ́ni fi èmi àti àbúrò mi tì, wọ́n bá mú wa dání. Àpótí mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba ni Màmá gbé kalẹ̀. Ìyá mi ò fẹ́ jókòó. "Jókòó," ni Màmá wí, "kò sẹ́ni tó máa kúnlẹ̀ lónìí."

Màmá ní kí ìyá ilé kejì sọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ìyá yẹn tún wo ògiri. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rò pé bàbá, ọkọ mi, rìnrìn àjò," ni wọ́n wí, "wọn ò rìnrìn àjò kankan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn. Inú ilé ni wọ́n wà. Wọn ò lè rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn, wọ́n ń ṣe é sára. Bàbá tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn! Mo bá ní kí wọ́n bá mi ṣe ọ̀kan sínú ilé, ibẹ̀ yẹn nìkan ni àyè kù tí wọ́n lè gbẹ́ ihò ẹ̀ sí. Ṣé kí n wá máa polówó ìyẹn fún àdúgbò ni?" Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ọjọ́ tó o wá pariwo, bàbá ń gbọ́ ẹ nínú yàrá. Wọ́n ní nítorí àwọn ni."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ìyá mi náà ti sọ ti ibà yẹn, Màmá ní kí olúkúlùkù sọ ti ẹnì kejì, kó sọ ọ́ títí ẹni tó ni ín á fi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní Ìgàndò nìyẹn, ó sì le ju aṣọ fífún lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ilé kejì dúró lórí ọ̀rọ̀ bí àbúrò mi ṣe ń pe bàbá wa, tí wọn ò lè kọjá ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Màmá dìde lórí àpótí tiwọn. "Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ tẹnì kankan. Ọjọ́ orí ni mo gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi yín." Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, orúnkún wọn ti kan ilẹ̀. Ìyá mi kígbe, "Ẹ má ṣe é, mà!" Àwọn ìyá méjèèjì sáré dì wọ́n mú ní apá, ọ̀tún àti òsì, ó sì gba agbára kí wọ́n tó lè gbé wọn dìde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ ìyá ilé kejì ti fa páìpù láti tánkì wọn gba orí ògiri wọ ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì dé kànga wa pa. Ìyá mi gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá aláìsàn. Mo rò pé a ò ní lọ mọ́. Mo ti ń tú aṣọ mi sílẹ̀ nínú àpò.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní ọjọ́ Sátidé. Màmá wá bá wa ká kọ́tìnnì. Wọn ò bẹ ìyá mi pé kó dúró, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wọn. Ìyá mi rí i náà. "Inú ò bí mi mọ́, mà," ni wọ́n wí. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo ti fi ọkàn kó kúrò níbí kẹ́ ẹ tó dé." Màmá ní ó yé àwọn. Wọ́n fi ọwọ́ pa orí mi, ọwọ́ náà rí ṣákaṣàka fún ọṣẹ, èmi ò sì wo ojú wọn. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí wọn nìyẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Mo ti dàgbà, Barúwà ni mò ń gbé, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni akọ̀wé àwọn obìnrin àdúgbò wa, èmi náà sì ń parí ìjà níbẹ̀, mo ti lọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri. Mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń làjà pàdé. Wọ́n mọ òwe, wọ́n mọ òfin, àwọn mìíràn mọ àdúrà. Àgbà tó padà wá sọ pé ẹjọ́ tí òun dá kò tọ́, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ ọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí. Mo rò pé mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Màmá. Irọ́ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹjọ́ mẹ́rin ni mo ti gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìkarùn-ún ni ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gẹrun, èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń wọ yàrá bàbá arúgbó kan. Ọ̀dọ́kùnrin náà la ẹnu, ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Orí ń fọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé, "Ìwọ lo kéré, bẹ̀ wọ́n." Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó gbọn àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. Gbogbo èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí a ń jẹun. Wọ́n sún àwo wọn sẹ́yìn.

"Lọ bá a," ni wọ́n wí.

"Tó bá di ọ̀la, mà. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ Màmá náà," ni ìyá mi dáhùn. "Wọ́n kúkú wá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa fi dé, àpò kẹta ni mo ti ń dì."